Fóònù Ìyá Rẹ Ń Máàkì Iṣẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ṣẹ ìyá rẹ. Mo sọ èyí ṣáájú ìkíni, torí bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, ojora lè mú mi kí ọ títí lẹ́tà yóò fi parí. Nígbà tí a ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ó bẹ̀ mí pé kí n kọ́ òun ní ìwé. Èmi tísà fi í rẹ́rìn-ín, mo ní láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Fóònù tí o rà fún un náà, àpò mi ló ń gbé láti ọjọ́ tó ti dé.

Ó dáa, ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó ń bá òjò ṣọ̀tá.

Ìyá rẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà nírọ̀lẹ́, èmi náà sì ni tísà wọn. Èrò kún kíláàsì níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tí bẹ́ǹṣì fi ń ṣófo. Aránṣọ àdúgbò wa ní òun ò lè máa ké "ajá, bàtà" bí ọmọ jéléósinmi nígbà tí oníbàárà ń dúró de òun. Ìyá rẹ náà ní òun ò lọ mọ́, pé ohun tí òun fẹ́ kà kò sí nínú ìwé tí a ń lò. Mo ní kí ni. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ òun ni, èyí tí mo máa ń gé kúrú bí mo bá ń kà á fún òun. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyá rẹ gbé fóònù náà lọ sí kíláàsì. Ìka kan ni ìyá rẹ fi tẹ "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" sí ọ. Àṣé fóònù ń máàkì iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ fa àmì kan pé ó gbà á, ó fa ìkejì, kò pẹ́ ó tún fi bírò búlúù fà á. Nínú gbogbo iṣẹ́ tísà mi, n kò fún ọmọ kankan ní àmì méjì lórí iṣẹ́ kan rí. Aránṣọ tó wá wòran ní fóònù láàánú jù mí lọ, kì í sì í mú ẹgba. Nígbà tí òun náà tẹ tirẹ̀ ránṣẹ́, ẹyọ kan péré ni fóònù fà fún un. Mo ní kó tún tirẹ̀ kọ dáadáa, ó sì ń tún un kọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Báyìí, bẹ́ǹṣì ò gba èrò mọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó awò ojú ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Ọ̀nà rẹ kò ní dí, ojú kò sì ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́.

Má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rán mi mọ́. Nígbà tí ìdáhùn rẹ wọlé láàárọ̀ yìí, n kò kà á. Mo fi fóònù náà lé e lọ́wọ́, tòun ti okùn iná rẹ̀. Ó ní kí n lọ jókòó síta ná, òun ń ka ọ̀rọ̀ ọmọ òun. Ìta náà ni mo ti ń kọ èyí.

Bàbá rẹ.