Lílì Abẹ́ Fèrèsé Micah

Àbámẹ́ta, 8 oṣù Ẹrẹ̀nà, 2025
Mo gbin òdòdó síwájú ilé lónìí. Lílì pupa ló wà nísàlẹ̀ — gbòǹgbò roboto tí mo rà n'Íbẹ̀fun, "àlùbọ́sà" ni mò ń pè wọ́n. Mo fọ́n irúgbìn òdòdó aláwọ̀ ọsàn sórí wọn, irú èyí tó ń kú lọ́dọọdún. Bí tòkè bá kú, tìsàlẹ̀ á ṣì wà.

Àbúrò mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Micah, Baba Kọnkéré, tó máa ń fẹ́ fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo ilẹ̀! Ó ní ta ló ń jẹ òdòdó. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ ń bọ̀ níparí oṣù, ìta fèrèsé ẹ̀ ni wọ́n á gbẹ́ ẹ sí. Mo ní ìyá wa ń bẹ nínú àgbàlá yìí, a ò sì mọ ojú ibi tí wọ́n sin ín sí. Orí ìkúnlẹ̀ Micah ló kú sí. Kí wọ́n tó sin ín, wọ́n ti gbé èmi lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Bàbá ò sì sọ ọ́ títí tó fi kú. Bí ẹ̀rọ wọn bá lu egungun ìyá mi ńkọ́? Micah ní ẹ̀yìnkùlé ni. Ta ló sọ fún un?

Ìṣẹ́gun, 11
Òjò àkọ́rọ̀. Ọpẹ́ o.

Ọjọ́rú, 19
Àwọn aláwọ̀ ọsàn ti hù. Àlùbọ́sà mi, rárá. Mo fi ìka tú ilẹ̀ wò — kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò jẹrà, kò sí ihò eku. Mo tú gbogbo ẹ̀. Òfo.

Ẹtì, 21
Lílì ti yọ — níta fèrèsé Micah! Mi ò gbin nǹkan kan síbẹ̀. Wọ́n tò tẹ̀léra wọn, wọ́n forí lé ògiri. Micah fi Bíbélì búra pé òun ò fọwọ́ kàn wọ́n.

Alhaja Àsíátù, aládùúgbò wa, wá kí mi. Ó rí wọn. Ó ní láyé ìjọ́sí, ẹni tí ò bá lówó sìmẹ́ńtì, lílì pupa ló ń gbìn síbi orí òkú àti ibi ẹsẹ̀ ẹ̀, kí ọkọ́ má baà kàn án. Ti ìyá wa náà, ojú òun ni wọ́n ṣe gbìn ín. Mo ní níbo, Alhaja? Ó wo ilé títí. Ó ní ilé wa ò tóbi tó báyìí nígbà yẹn.

Àìkú, 23
Micah ò ṣeré mọ́. Ó ní ilẹ̀ yàrá òun ń tutù. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́.

Ẹtì, 28
Micah fi àdá bẹ́ gbogbo lílì náà! Mo bú u, ó bú mi padà, èmi ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó ní ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbẹ́ kànga.

Àbámẹ́ta, 29
Wọn ò gbẹ́ kànga. Micah fúnra ẹ̀ ló dá wọn padà lẹ́nu géètì.

Ó ti wá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ — Àǹtí mi, ẹ wá wò ó. Ó ti ti bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ti là. Lílì kan yọ níbi tó ń gbórí lé, ìkan níbi ẹsẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ti tanná, pupa fòò.

Yàrá tí Bàbá fi kún ilé nìyẹn, tó ní ti Micah ni, kí ẹnikẹ́ni má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó mọ̀! Bàbá yìí mọ̀! Mo sunkún, inú sì bí mi.

Micah ò sunkún. Ó tẹ́ ẹní sáàárín lílì méjèèjì, ó dùbúlẹ̀, ó ká jọ bí ìkókó. Ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún! Mo ní kó dìde, ká lọ pe pásítọ̀.

Ó ní kí n jọ̀ọ́ dákẹ́ ná, òun ò gbọ́ orin tí Màmá ń kọ fóun.