Wáyà Tí Wọ́n Fẹ́ So Mọ́ Ẹsẹ̀ Pepita

Anselmo Barragán,
Ilé Ẹṣin Barragán,
Ojú Ọ̀nà Whitney Portal,
Lone Pine, California.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1956.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Ṣọ́ Ẹranko Inú Fíìmù,
Los Angeles, California.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ DÁ ILÉ-IṢẸ́ FÍÌMÙ BELGARDE DÚRÓ KÍ WỌ́N TÓ FI WÁYÀ GBÉ ABO ẸṢIN PEPITA ṢUBÚ

Orúkọ mi ni Anselmo Barragán. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, ẹṣin ni mo sì ti ń kọ́ níṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti lè dá gun ọgbà kọjá. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ kankan rí. Mo fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ mi kí ẹni tó bá ń kà á lọ́hùn-ún má baà ráyè fo èyí tí kò bá dùn mọ́ ọn.

1. Ní aago méje àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, Ọ̀gbẹ́ni Alden Prewitt, olùdarí fíìmù tí Belgarde ń yà lọ́wọ́ níbí, fẹ́ kí wọ́n so wáyà mọ́ ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì abo ẹṣin eléérú kan tó ń jẹ́ Pepita. Wọn yóò so orí kejì wáyà náà mọ́ èèkàn irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ẹṣin yóò sáré tagbára tagbára, wáyà yóò nà tán, ẹsẹ̀ yóò yọ lábẹ́ rẹ̀, yóò sì fi orí sọlẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí wọ́n ti ka èyí léèwọ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀ ń ṣọ́ òfin náà, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín.

2. Fíìmù "Ọ̀nà Gbígbẹ sí Santa Rita" ni wọ́n ń tún yà. Ẹ ti wo ti àkọ́kọ́, ti ọdún 1931. Ta ni kò wò ó? Tuntun yìí ní àwọ̀, ó sì fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ ni ìyìn mi parí sí. Ọ̀gbẹ́ni Prewitt kò gun ẹṣin rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀, bàtà agẹṣin ló ń wọ̀ kiri, pẹ̀lú irin gígún ẹṣin ní gìgísẹ̀ méjèèjì, kódà nínú àgọ́ oúnjẹ. Ó dojú irin náà délẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ti ń rìn bẹ́ẹ̀ láàárín ogójì ọkùnrin tó ń fi iṣẹ́ ẹṣin jẹun, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó fẹ́ràn rẹ̀ tó láti sọ fún un.

Ti Ọ̀gbẹ́ni Clete Vandermeer ńkọ́, akọni fíìmù náà, tí àwòrán rẹ̀ wà lára páálí oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọmọ yín? Ó ń bẹ̀rù ẹṣin. Mi ò fi ìyẹn bú u, ẹṣin tóbi. Àmọ́ orí àgbá ló ń jókòó sí. Wọ́n á di gàárì mọ́ àgbá, wọ́n á gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù, ọkùnrin méjì á máa mì ín, fáànù ńlá á sì máa fẹ́ eruku sí i lára. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, á ní ìdí ń dun òun. Ó wá sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé kò sí ẹṣin tí òun kì í fúnra òun gùn.

3. Kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ bà jẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí Pepita ṣe ń ṣubú. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi kọ́ ọ kí n tó tà á fún Belgarde, ohun tí mo ń kábàámọ̀ títí di òní. Mi ò lo wáyà, mi ò lo pàṣán. Ẹni tó gùn ún á fa ìjánu sápá ọ̀tún. Òun náà á yí ọrùn, á sì fi èjìká òsì lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn, lórí eré. Nínú kámẹ́rà, ẹ ó búra pé ìbọn ló bà á. Ibùsùn la máa ń ṣe fún un. A ó gbẹ́ ilẹ̀ títí yóò fi mù mí dé orúnkún, a ó ṣa gbogbo òkúta ibẹ̀ dànù, a ó da iyanrìn àti koríko gbígbẹ sí i, a ó wá fi eruku bò ó kí ojú má baà dá a mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo máa ń fà á lọ síbẹ̀. Yóò gbóòórùn ilẹ̀, yóò fi pátákò tẹ̀ ẹ́, yóò wò mí. Bí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gùn ún. Kò sẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí kò mọ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ fi ibi tí ẹṣin yóò ṣubú sí hàn án. Ìgbà mọ́kànlélógójì ló ti ṣubú fún fíìmù, kò tíì họ lára lẹ́ẹ̀kan.

4. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí, ibùsùn ti wà nílẹ̀, Pepita sì ti wò ó. Hob Tillery, ọ̀gá nínú àwọn tó ń ṣubú fún fíìmù, ló wà lórí rẹ̀. Vandermeer yóò dúró níwájú pẹ̀lú ìbọn, Hob àti ẹṣin yóò ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Bí a ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Vandermeer ní òjìji òkè ti bo ẹ̀gbẹ́ ojú òun tó dára. Ẹ̀gbẹ́ òsì nìyẹn. Ni Ọ̀gbẹ́ni Prewitt bá ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà lọ sísàlẹ̀, ó tó ọgọ́ta ìṣísẹ̀ sí ibùsùn wa, sórí ilẹ̀ líle tó kún fún òkúta.

Mo lọ bá a, mo ní, "Ọ̀gá, ibùsùn ẹṣin ò sí níbẹ̀ yẹn. Ẹ fún mi ní wákàtí mẹ́ta, màá gbẹ́ òmíràn."

Ó ní, "Wákàtí mẹ́ta? Oòrùn á dúró dè ọ́ ni? Bàbá, ẹṣin ni mo rà, mi ò gbé ìyàwó. Ta ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ẹṣin?"

Wọ́n sáré. Hob fa ìjánu, Pepita yí ọrùn, ó fi ẹsẹ̀ kan wá ilẹ̀, ó bá òkúta pàdé, ó nà dúró, ó sì sáré kọjá kámẹ́rà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rí bákan náà. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ sáré dé ibẹ̀. Ó dúró gbagidi níwájú Ọ̀gbẹ́ni Prewitt, ó ń wò ó. Hob wà lórí gàárì, ó sì sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣubú síbẹ̀, kóun wò ó ná."

Ogójì ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, mo sì ń dá ara mi lẹ́bi, torí ẹ̀rín yẹn ni olùdarí fẹ́ gbẹ̀san rẹ̀ lára ẹṣin.

5. Ohun tó sọ lójú gbogbo wa rèé: "Ẹṣin yẹn máa ṣubú. Wáyà la máa fi gbé e. Tó bá ti ṣubú tán, ẹ pe àwọn tó ń lọ ẹran ẹṣin fún ajá jẹ, kí wọ́n wá kó o." Ohun tí kò jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì ni pé Vandermeer lọ sí Los Angeles lọ tún eyín ṣe, kò sì ní dé títí di ọjọ́ kẹtàlélógún. Eyín rẹ̀ nìkan ló ṣì ń dá ẹ̀mí Pepita sí.

6. Alábẹ̀wò yín, Ọ̀gbẹ́ni Thaddeus Loomis, ti wà níbí láti ọjọ́ kẹta oṣù yìí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń kí tẹrú tọmọ. Mi ò tíì rí i níbi tí ẹṣin wà. Inú ilé alágbèéká Vandermeer, tó ní ẹ̀rọ amútútù, ló ń jókòó sí. Àwa ń jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú búrẹ́dì àgbàdo. Òun ń jẹ ẹran màlúù tó nípọn bíi Bíbélì, ó sì ń fi páì èso lé e. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ń sọ yìí, mo lọ kanlẹ̀kùn, mo bẹ̀ ẹ́ kó wá wo ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé ẹṣin ṣubú sí. Ó yọjú díẹ̀, ó ní, "Bàbá Anselmo, ooru yìí pọ̀ o. Ṣé ẹṣin ti ṣubú ni? Tó bá ṣubú, ẹ wá pè mí." Ó ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn tútù má baà jáde.

7. Wọn yóò sọ fún yín pé arúgbó aláròyé ni mí, pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó burú ju ìyẹn lọ kún un fún wọn. Nínú fíìmù ọdún 1931, ibi tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ sí ni ibi tí ẹṣin mọ́kànlá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà létí odò. Èmi ni mo so wáyà wọn. Mẹ́rin ló dìde. Wọ́n yìnbọn pa méje yòókù kí á tó jẹun ọ̀sán. Olùdarí ìgbà náà bọ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí nígbà náà, mi ò lè ní ọmọdé ló ń ṣe mí.

Ọ̀kan nínú méje náà ni Golondrina, tí ọmọ rẹ̀ kò tíì ju oṣù méjì lọ nílé. Ìgò ni mo fi tọ́ ọmọ náà. Òun ló bí Pepita. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá gbé fíìmù náà wá sí ìlú wa, ìyàwó mi á ní kí a lọ wò ó, torí orúkọ Lone Pine wà nínú rẹ̀. Mi ò lọ rí, mi ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Wáyà tí mo so lọ́dún 1931 yẹn náà ló mú Ọ̀gbẹ́ni Prewitt pè mí sí àgọ́ rẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ó ní, "Mo ti wo ibi tẹ́ṣin ti ṣubú yẹn ó tó ogún ìgbà. Ó rẹwà! Wọ́n ní ìwọ nìkan lo kù tó mọ bí wọ́n ṣe ń so ó. Bàbá, so ó fún mi bó o ṣe so ó nígbà yẹn." Mo ní mi ò so ó. Ó ní kí n máa lọ sílé mi, òun á rí ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé yóò rí. Irú èmi ti ọdún 1931 kò wọ́n ní California.

8. Mo bẹ̀ yín kí ẹ rán ẹlòmíràn wá, ẹni tó ní bàtà tó lè fi rin inú eruku, kó sì dé ibi tí ẹṣin wà kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlélógún. Kó má yà sọ́dọ̀ Vandermeer. Kó yọ èèkàn náà, kó sì gba Pepita kúrò lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ní dandan ni kó ṣubú, èmi yóò gbẹ́ ibùsùn fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ ojú Vandermeer tó bá wù wọ́n.

Mo fi ìwé kan sínú àpòòwé yìí. Akọ̀wé Ọ̀gbẹ́ni Prewitt, obìnrin tó ṣì ní ojú àánú, ló rí i lórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀ tó sì mú un wá fún mi. Fọ́ọ̀mù tiyín ni, òǹtẹ̀ yín wà lórí rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Loomis sì ti fọwọ́ sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: "Mo wà níbẹ̀, mo sì fi ojú ara mi rí i. Ẹranko kankan kò fara pa." Ẹ wo ọjọ́ tó kọ sí i. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án ni.

Ọjọ́ kẹrìnlá la wà lónìí. Pepita wà nínú ọgbà, ó ń jẹ koríko. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣì kù fún yín láti sọ ìwé yín di òótọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ bá kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, bí ẹ bá tètè dé,

Anselmo Barragán,
Olùkọ́ ẹṣin, ẹni tó so wáyà ti ọdún 1931.