Wọ́n Gé Eèsún Mọ́ Ẹyẹ Wa Lórí

                                        Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Àbàtà,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun màmá ti fúyẹ́? Ó yẹ kí n kí ọ jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n inú ń bí mi gan-an.

O rántí ẹyẹ tíńtín tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti máa ṣọ́, èyí tí ọ̀fun rẹ̀ rí bíi pupa ẹyin, tí orin rẹ̀ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà? Àwọn onímọ̀ ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun láyé. Inú eèsún àbàtà wa nìkan ló ń kọ́lé sí. Lọ́dún yìí ó yé ẹyin, ó pamọ, mo ń yọ̀ kiri bí ìyá ọmọ tuntun.

Àfi bí mo ṣe débi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo bá katakata tó ń gé igbó nínú eèsún. Ọ̀gá wa ló ní kí wọ́n gé e. Kí ló fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe? Ibi ìgbọ́kọ̀sí, fún àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá wo ẹyẹ náà! Mo sáré dúró síwájú ẹ̀rọ. Awakọ̀ pa ẹ̀rọ náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé nǹkan ẹlẹ́mìí wà níbẹ̀. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Ṣebí ó níyẹ̀ẹ́? Á fò lọ síbòmíràn."

"Àwọn ọmọ tí ò tíì hu ìyẹ́ ńkọ́, sà?"

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Awakọ̀ kọ̀, ó ní òun ò ṣe mọ́, ni ẹlòmíràn bá gun ẹ̀rọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ́ mi kúrò. Ìyá ẹyẹ gbé kòkòrò sẹ́nu, ó ń fò yípo, kò rí ọmọ tí yóò fi bọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o, ọ̀rẹ́ mi!

Àwọn àlejò dé lánàá. Wọ́n na ọrùn títí, wọn ò rí nǹkan kan. Ọ̀gá fà mí sẹ́yìn ọkọ̀, ó ní kí n mú orin ẹyẹ tí mo gbà sínú fóònù mi wá, kí òun fi sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí wọ́n lè rò pé ó wà nítòsí. Oníjìbìtì! Mo kọjú sí àwọn àlejò, mo ní:

"Ẹ má wulẹ̀ dúró mọ́. Orí ilé rẹ̀ lẹ gbé ọkọ̀ yín sí."

Wọ́n ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Kí wọ́n máa lé mi lọ.

Bá mi kí màmá, kí o gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Tìrẹ ni mí, bínú dùn, bínú bà jẹ́,
Pẹ́lẹ́ńgẹ́