Òkúta Inú Ìṣẹ́tí Aṣọ Rẹ

Ọmọ mi,

Mo kí ọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ, ajá kí ọ, àwọn àpò àgbàdo tó kún ilé náà kí ọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ tí mo fi ń kọ ìwé yìí gbé ẹrù tí kò lè sọ̀. Ṣe àmín, kódà bí inú bá ń bí ọ.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ọ́ o, mi ò bẹ tíṣà kankan. O mọ̀ pé kíláàsì kejì ni mo ti kúrò níléèwé, síbẹ̀ àwọn tó kàwé yó ló ń wá bi mí pé kílò mélòó ni àpò yìí, màá fọwọ́ kan gbé e, màá ní méjìlélọ́gọ́rin, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n, méjìlélọ́gọ́rin náà ni. Ta ló kọ́ mi? Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí o ò gbé fóònù mi, ìdí nìyẹn tí mo fi wá bíró.

Ìyá rẹ wà dáadáa, bí èèyàn bá lè pe ẹni tí kì í sùn ní ẹni tó wà dáadáa. Ojoojúmọ́ ló ń bu oúnjẹ tìrẹ sínú abọ́ rẹ, á fi ọmọrí dé e, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì ajá á jẹ ẹ́. Ajá yẹn ti sanra débi pé kò lè gbó mọ́, olè wọlé yóò kàn máa wò ó ni. Aládùúgbò wa tó ń rán bàtà bi mí pé níbo lo wọlẹ̀ sí, mo ní o wà níléèwé àwọn ọmọ olówó, níbi tí wọ́n ti ń kàwé lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí ni wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀, mo ní ìṣirò ni. Kì í kúkú ṣe gbogbo rẹ̀ nirọ́, àbí kí ló kù tí kì í ṣe ìṣirò nínú ilé tí wọ́n ti ń ka ṣíbí mọ́ èèyàn lẹ́nu?

Nígbà tí mo wá wò ọ́ nílé ìwòsàn yẹn lóṣù tó kọjá, mo wo ibẹ̀ fínnífínní, ojú mi kì í tòògbé. Mo rí i pé lẹ́yìn oúnjẹ wọ́n á ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pa, obìnrin kan á jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Èmi rò pé wọ́n ń jí ọṣẹ ni. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọmọ tèmi kì í jalè. Ó ní Bàbá, oúnjẹ tí wọ́n jẹ là ń ṣọ́, kì í ṣe ọṣẹ. Ọjọ́ kejì ló tó yé mi pé wọn ò fẹ́ kí ẹ lọ bì í dànù. Mo sì rí ẹ̀yin mẹ́fà nídìí tábìlì fún odindi wákàtí kan, ọ̀kan ń gé búrẹ́dì wẹ́wẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fọ́n ọn fún adìyẹ, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó nílé òkú tó láriwo jù ú lọ.

Wọ́n ní kí o kọ̀yìn sí ìwọ̀n kí wọ́n tó wọ̀n ọ́. Ìyẹn bí mi nínú. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi ìwọ̀n jẹun, ẹni tó bá ní kí ẹlẹ́rù má wojú ìwọ̀n, olè ni. Mo sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. Ó ní Bàbá, nọ́ńbà yẹn ló ń pa ọmọ yín, tó bá ti rí i kò ní jẹun mọ́. Mo ní nọ́ńbà kì í pààyàn.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ yẹn pè wá, ẹni tí kì í fúnni lóògùn, tó kàn ń bèèrè tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n sọ bí nǹkan ṣe rí nílé. Ẹnu mi sì dùn. Mo ní láti ìgbà tí o ti ń rá ni mo ti ń gbé ọ sórí ìwọ̀n àgbàdo lójú gbogbo oníbàárà, tí màá pariwo pé ẹ wá wo Àpò-Kíkún, ẹ wá wo ọjà tí kì í ṣe títà, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Mo ní títí o fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Mo rẹ́rìn-ín tán, mo wo yàrá yíká, èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ ń wo ilẹ̀. Obìnrin yẹn ò kọ nǹkan kan, ó rọra gbé bíró rẹ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, o dì mọ́ mi, ìṣẹ́tí aṣọ rẹ sì gbá mi lórúnkún. Mo gbọ́ ọ. Ta ló fẹ́ rẹ́ èmi jẹ? Àwọn àgbẹ̀ ti fi òkúta sísàlẹ̀ àpò fún mi, wọ́n ti bu iyanrìn sí i, mo mọ ìró òkúta nínú aṣọ bí mo ṣe mọ ohùn ìyá rẹ. O sọ sí mi létí pé Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ, tí ìwọ̀n bá ti pé lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á jẹ́ kí n wálé ní Sátidé. Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mo ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ títí mo fi délé. Mo ní ọmọ mi ṣáá ni, ó rẹ́ dókítà jẹ. Mo ní kí ìyá rẹ gbá yàrá rẹ, pé o ń bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, àgbẹ̀ kan gbé àgbàdo wá. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, ọwọ́ mi tutù, ó ti bu omi sí i kó lè wúwo. Mo bú u, mo ní òpònú, ìwọ̀n lo tàn, o ò tan àgbàdo, àgbàdo á jẹrà nínú ilé, kò ní gbàṣẹ lọ́wọ́ ìwọ̀n kó tó jẹrà. Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, ebi ni. Bó ṣe dárúkọ ebi yẹn, ìwọ ni mo rí. Mo fi òun àti àpò rẹ̀ sílẹ̀ lójúde, mo wọlé, mo pe nọ́ọ̀sì.

Èmi ni. Kì í ṣe ọmọ tí ẹ jọ ń sùn ní yàrá kan, tí wọ́n ní o ò bá sọ̀rọ̀ mọ́. Má bínú sí ọmọ ọlọ́mọ. Èmi bàbá rẹ ni mo tú ọ fó.

Nọ́ọ̀sì ní nígbà tí wọ́n tú òkúta kúrò, ohun tó kù ò tó èyí tí o gbé wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ ń lù bí aago tí bátìrì rẹ̀ ti ń tán, pé ká ní o wọ ọkọ̀ yẹn ni, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òkú la máa gbé sọ̀. Ìyá rẹ sì ti gbálẹ̀ yàrá.

Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé kí n fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè ti rọ́bà bọ imú rẹ fi fún ọ lóúnjẹ. Mo ní ìwé ọjà ni, mo wá ibi tí wọ́n kọ kílò sí, mi ò rí i. Wọ́n bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí ọ. Mo kọ ẹni tó ni ín. Mo wò ó, mo pa á rẹ́, mo kọ bàbá. Tí rọ́bà yẹn bá ń dùn ọ́, ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀.

Mo ti gbé ìwọ̀n kúrò lójúde, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń rajà báyìí. Orúkọ tí mo ń pè ọ́ yẹn, ẹni tó bá tún pè é níbí, kó gbé àgbàdo rẹ̀ lọ síbòmíì.

Bàbá tó bá kọ̀wé sọ́mọ nígboro, owó ló máa ń fi parí ẹ̀. Èmi ò tọrọ owó, mo ní in. Ṣé o rántí ọjọ́ Sọ́ńdè tí nọ́ọ̀sì ní ká jọ jẹun lórí fóònù tó ń gbé àwòrán, tí mo gbé abọ́ ìrẹsì síwájú fóònù, tí mo fi ṣíbí tì í, tí mo ń dúró kí o bù ú? O rẹ́rìn-ín, o sì jẹ ṣíbí méjì. Ohun tí mò ń tọrọ ò tó ìyẹn. Ní Sọ́ńdè yìí, gbé fóònù. O lè má bá mi sọ̀rọ̀. Tí ojú mi bá wúwo jù fún ọ, màá kọ̀yìn sí fóònù, mi ò ní wò, màá kàn máa gbọ́. Etí mi mọ ìró òkúta, jẹ́ kó mọ ìró ṣíbí rẹ, ẹyọ kan péré.

Kí Ọlọ́run dá ọ sí fún wa. Kí oúnjẹ tún dùn lẹ́nu rẹ. Kí o rí ọjọ́ tí o máa bú mi, kí n sì wà láyé láti gbọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, bí mo ṣe kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù.