Ìṣẹ́jú Márùn-ún Bàbá Dúró-ná

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni a bí bàbá wa sí, ní oṣù kẹta ọdún 1952, nínú yàrá kan ṣoṣo tí eruku pákó kì í tán níbẹ̀. Bàbá tó bí wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Aránṣọ ni ìyá wọn. Ẹ foríjì wá bí àkọsílẹ̀ yìí bá kúrú. Ọ̀sẹ̀ méje la fi lọ tí a fi bọ̀ ní ilé ìwòsàn, ó ti rẹ̀ wá.

Ní 1974, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, bàbá gba iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn, láti máa tún ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán eegun ṣe. Iná inú ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ iná ilé. Bí a bá tilẹ̀ pa á, ó ṣì ń lúgọ sínú agolo tí ń tọ́jú iná pamọ́, ó sì lè pa èèyàn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni a gbọ́dọ̀ dúró, kí a tó fi ọ̀pá tí wáyà rẹ̀ wọlẹ̀ fa èyí tó kù jáde.

Bàbá fẹ́ màmá wa ní 1977. Lọ́jọ́ tí a bí ẹ̀gbọ́n wa àgbà, ní 1979, ìròyìn bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ojú ń kán wọn láti rí ọmọ, wọn kò dúró. Iná gbé wọn lu ògiri. Ìka méjì ọwọ́ òsì wọn kò mọ gbígbóná tàbí tútù mọ́ títí dọjọ́ ikú. Orí bẹ́ẹ̀dì ìbímọ ni màmá ti mú wọn búra pé wọ́n á máa dúró kí ìṣẹ́jú márùn-ún pé. Láti ìgbà náà, láràárọ̀, lẹ́nu ọ̀nà, màmá á bi wọ́n pé, “Mélòó?” Bàbá á ní, “Márùn-ún ni, ìyá ọmọ mi.”

Wọ́n pa ìlérí náà mọ́ débi tó ń súni. Ní 1994, ẹ̀rọ kan ń kú ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán. Ẹlẹ́rọ mẹ́ta ti pààrọ̀ fúùsì títí, pàbó ló já sí. Bàbá kò pààrọ̀ nǹkan kan. Wọ́n ń yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń dúró láàárín, bí àwọn aláìsàn ti tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí dókítà àgbà ń pariwo. Lọ́sàn-án ni àṣírí tú: ara wáyà kan ti sán, iná sì ń jò níbẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ fún un. Dókítà yẹn ló sọ wọ́n ní Dúró-ná.

Nínú ìjọ, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n sì ń fetí sí gbohùngbohùn bóyá ó fẹ́ bàjẹ́. Láti 2012 tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àwọn ló ń tún wáyà àdúgbò ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa ọmọ a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wo aago.

Wọ́n fi màmá wa sílẹ̀ sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àbúrò obìnrin kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nọ́ọ̀sì ní ó ti parí. Gbogbo wa sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá ní kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n sì kọjú sí aago ara ògiri. A dúró. Nígbà tí ìṣẹ́jú márùn-ún pé, màmá di ìka méjì yẹn mú, wọ́n bú sẹ́kún.

Bàbá, ẹ ti dúró tó. Ẹ sùn re o.