Mi Ò Fi Ẹyẹ Rẹ Lé Dẹ́rẹ́bà Lọ́wọ́

Ọmọ mi, Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ojú pọ́n ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ òkúta, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ máa rí ọ kí inú rẹ̀ máa dùn. Àdúrà ni mo kọ́kọ́ gbà yẹn, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wà nínú mi, mi ò ní lè gbàdúrà mọ́. Inú ń bí mi. Mo ti mu omi tútù, mo ti jókòó, mo ti dìde, inú ṣì ń bí mi.

Dẹ́rẹ́bà tí o rán wá gbé àwọn ẹyẹ rẹ ti dé. Ó kí mi dáadáa, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Mo fún un lómi, mo fún un ní àga, mo sì ní kó máa padà lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ní o ti sanwó ọkọ̀ ẹyẹ méjèèjì. Mo ní kó gbé àga méjì lọ dípò wọn. Má bá a jà o, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀, èmi ni kí o bá jà, tí o bá lè rí ojú mi láti bá mi jà.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí o má baà sọ pé ara àgbà ló ń dà mí láàmú. O gbé àwọn ẹyẹ yìí wá nígbà tí wọ́n ní kí o lọ kọ́ṣẹ́ sí i níbi jíjìn. O ní kónúrè ni wọ́n ń jẹ́. Èmi ò mọ kónúrè, odídẹrẹ́ kékeré ni mo rí, méjì, ara wọn bí ewé, ìrù wọn pupa, ẹnu wọn kọdọrọ bí ìwọ̀. O dúró sẹ́nu ọ̀nà, o ò jókòó, o ò tiẹ̀ bọ́ bàtà, o ń ka òfin fún mi. Wọn kì í jẹ píà. Wọn kì í fa èéfín símú. Kí á máa gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ fún wọn, kí á máa bu omi ìwẹ̀ fún wọn, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú kí á da aṣọ bo àgò wọn, torí wọ́n gbọ́dọ̀ sun oorun tó tó ìdajì ọjọ́. Ìdajì ọjọ́! Èmi tí mo bí ọ, ta ló da aṣọ bò mí rí pé kí n sun ìdajì ọjọ́? Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá rẹ fọwọ́ kàn mí, mo gbé e mì. O wá fi èyí tó ga jù parí ẹ̀. O ní wọn ò gbọdọ̀ dá wà. O ní ojoojúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ohùn ẹni tó fẹ́ràn wọn, pé tí wọn ò bá gbọ́ ọ, ọkàn wọn á bàjẹ́, wọ́n á máa fa ìyẹ́ ara wọn tu. Rántí pé ẹnu rẹ lo fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.

Mo gbé àgò wọn kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú yàrá iwájú, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, kí wọ́n lè máa rí ojú èèyàn bí o ṣe wí. Wàhálà gbáà ni mo fi ara mi sí. Ọ̀kan, Jẹbọ́tìnnì ni mo sọ ọ́. Tí a bá ṣí àgò fún un, orí aṣọ oníbàárà ló ń bà sí, á fi ẹnu gé òwú nídìí bọ́tìnnì bí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, á gbé e, á lọ jù ú sínú omi mímu. Ìkejì ni Aláriwo. Ìyẹn ò fẹ́ bọ́tìnnì, ihò ló ń wá. Àpò, apá ẹ̀wù, ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ibi tó bá ti ṣókùnkùn tó sì gbóná, á rá wọ ibẹ̀, á sùn. Áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ mi, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máa tẹ gbogbo aṣọ wò bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ká aṣọ kúrò lórí àgò, mo rí Jẹbọ́tìnnì tó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì wà lókè gan-an. Mo figbe ta. Bàbá rẹ sá jáde ní balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa túfọ̀ ẹ̀ fún ọ, mo ti ń sunkún ẹ̀ sílẹ̀. Ni ẹyẹ bá la ojú kan, ó wò wá, ó tún ti í padà. Oorun ló ń sùn! Ẹyẹ wo ló ń nà gbalaja sùn bí onílé? Bàbá rẹ ní kí n rọra, kó má baà jí. Bàbá rẹ o, tí kò pọn ẹnì kankan nínú ẹ̀yin ọmọ rí, inú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ni Aláriwo ń sùn báyìí, tí mo bá gbé ohùn sókè, á ní kí n ṣe jẹ́ẹ́, pé ọmọ ń sùn. Ọmọ wo?

Ọ̀rọ̀ fóònù ló wá kù. Fóònù tí o fún mi yìí, tìrẹ ni tẹ́lẹ̀, bó ṣe ń dún náà ni èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ń dún. Lẹ́yìn tí o lọ, ó dún láàárọ̀. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo sáré, mo gbé e, mo ní hẹ́lò, Àbíkẹ́yìn, hẹ́lò. Kẹ́kẹ́ pa. Ó dún lọ́sàn-án, ó dún nírọ̀lẹ́, bó ṣe ń rí nìyẹn lójoojúmọ́. Mo ní háà, ọmọ mi ń gbìyànjú, àwọn onínẹ́tíwọ́kì ló ń jẹ ohùn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe. Ó tú u, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo ní kó wò ó dáadáa, bóyá ohùn rẹ há sínú ẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín, kò sì gbowó, ó ní kí n máa lọ sílé.

Mi ò lọ sílé. Ọ́fíìsì àwọn onínẹ́tíwọ́kì ni mo gbà lọ. Ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì, mo ní kí wọ́n tú ohùn ọmọ mi sílẹ̀ fún mi. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù bi mí bóyá ọkùnrin ni mí tàbí obìnrin, èmi tí mo dúró síwájú wọn pẹ̀lú yẹtí lẹ́tí. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni wọ́n bí mi. Mo ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi kọ́ ni mo bá wá, ẹni tí mo bí ni mo bá wá. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ohun tí mo fẹ́, mo kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba pé kí wọ́n dá ohùn ọmọ mi padà. Ọmọbìnrin náà tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó ní kò sẹ́ni tó pe nọ́ńbà mi láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní kọ̀ǹpútà wọn ń purọ́. Mo sọ ọ́ sókè, gbogbo èrò gbọ́.

Ìgbà tí mo ń padà bọ̀, mo yà lọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì. O mọ̀ pé ọmọ tirẹ̀ kì í pè é. Mo ní kó máa fara dà á, mo ní tèmi ń pè láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, pé gbogbo ọmọ kọ́ ló rí bákan náà. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo obìnrin yẹn báyìí?

Torí nígbà tó yá, fóònù kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kò sí iná nínú ẹ̀, ó ṣú dúdú, mo dì í mú báyìí, ó sì ń dún. Díẹ̀ ló kù kí n jù ú síta. Ni mo bá gbójú sókè, mo rí Aláriwo lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó la ẹnu, ọ̀fun rẹ̀ ń gbọ̀n, òun ló ń dún. Mo pe bàbá rẹ kó wá wo iṣẹ́ ibi. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní bí mo ṣe máa ń sáré lọ gbé e yẹn ni òun ò fi lè sọ ọ́. 

Síbẹ̀ mo gbà fún ẹyẹ. Tó bá ti dún tán, ó máa ń ṣe nǹkan kan lẹ́nu, mo rò pé òfìnkìn ni, mo gbé e kúrò níbi atẹ́gùn. Nígbà tó tún yá, ó ń sọ pé màmá mi ni. Kedere! Inú mi dùn débi pé mo gé odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún un. Mo ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé ẹyẹ ti gbà mí ní ìyá.

Ọ̀gá ilé-ìwé kan, oníbàárà mi, wá wọ kóòtù rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ki apá bọ̀ ọ́, ó pariwo, Aláriwo ti wà nínú ẹ̀. Ẹyẹ jáde lẹ́nu apá kóòtù, inú ń bí i, ó gun èjìká ọkùnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ kan àpò ara rẹ̀. Ni ẹyẹ bá pòṣé. Kì í ṣe òfìnkìn, òṣé ni, òṣé gígùn yẹn tí o máa ń pa tí mo bá rán ọ níṣẹ́ ní kékeré, tí mo bá gbọ́ ọ láàárín ẹgbẹ̀rún òṣé, màá mọ̀ ọ́n. Ó wá fi ohùn rẹ sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ní màmá mi ni, jẹ́ kó dún, tó bá sú wọn, wọ́n á fi í sílẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé dúró pẹ̀lú apá kan nínú kóòtù, apá kan níta, ó ń wo ilẹ̀. Ó rọra bọ́ ọ, ó ní òun á padà wá. Kó tó dé ìta ni mo gbọ́ tó ń sọ nínú fóònù rẹ̀ pé màmá kí wọ́n má bínú, pé òun rí i pé wọ́n pè.

Wọ́n á fi í sílẹ̀! O tiẹ̀ bọ̀wọ̀ fún mi, o ò ní á fi í sílẹ̀, o ní wọ́n. Ọmọ tí mo kọ́ dáadáa ni ọ́ lóòótọ́. Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pe irú ẹyẹ yìí ní ayékòótọ́. Ó dùn mí, Àbíkẹ́yìn. Mo ń bínú ni, ṣùgbọ́n ó dùn mí ju bí mo ṣe ń bínú lọ. Ẹyẹ ò gbọdọ̀ wà láìgbọ́ ohùn ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ lójoojúmọ́, ìwọ lo sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi. Èmi ńkọ́? Ṣé torí pé mi ò ní ìyẹ́ tí mo lè fà tu ni?

Nítorí náà, má rán dẹ́rẹ́bà mọ́. Wá gbé wọn fúnra rẹ, kí o sì bọ́ bàtà, kí o jókòó. Mú owó bọ́tìnnì lọ́wọ́, àti owó ọ̀gẹ̀dẹ̀, bàbá rẹ náà sì ń fẹ́ ẹ̀wù tí kọ́là rẹ̀ tóbi. Má fi í sí báǹkì o. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn ní kí n mú nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi wá, mo sọ ọ́ fún un sókè títí, kò dáhùn, àwọn tó wà lẹ́yìn mi nìkan ló gbọ́.

Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀. Wàá bímọ, ọmọ rẹ á máa pè ọ́, wàá máa gbọ́ ohùn rẹ̀ kí o tó béèrè. Ojú ò ní tì ọ́ láwùjọ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Ó tún ti ń dún báyìí. Mo mọ̀ pé ẹyẹ ni. Jẹ́ kí n lọ wò ó ná.

Èmi ni màmá rẹ. Kò tíì sú mi.