Avíọ̀n Fẹ́ Wá Ya Igbó Wa ní Fọ́tò

Abúlé wa lẹ́bàá Avrankou,
Oṣù kejì, 1965.

Sikirou ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Porto-Novo? Ṣé iṣẹ́ aránṣọ ń lọ ní Djègan-Kpèvi? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ọ lọ́wọ́, àwọn oníbàárà rẹ á máa fi ẹ̀rín wá, wọ́n á sì máa fi ẹ̀rín lọ. Àmín. Àlàáfíà la wà, Abibatou ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́.

Ọmọ, ìròyìn ń bẹ o! Ọ̀gbẹ́ni Joseph wá láti búrò àwọn tó ń ṣọ́ igbó fún ìjọba, ó tẹ́ fọ́tò méjì sílẹ̀ níwájú wa, ó ní inú avíọ̀n, ọkọ̀ tó ń fò lójú ọ̀run, ni wọ́n ti yà wọ́n. Èyí àkọ́kọ́, ìgbà tí o ṣì wà nílé kéú, igbó wa dúdú minimini. Èkejì, háà! Ó ti pá káàkiri bí orí Mouftaou àbúrò mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Tógò, ní Gáànà àti ní Nàìjíríà, pé ọdọọdún ni igbó ń dín kù. Mo ní wọn ò mọ ìtọ́jú ni! Ó wá ní avíọ̀n náà ń padà bọ̀, pé abúlé tí igbó rẹ̀ bá ti tán, ìjọba á gba ilẹ̀ ibẹ̀. Ilẹ̀ tí a sin bàbá mi sí! Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ṣùgbọ́n orí bàbá rẹ pé, Sikirou! Mo pe gbogbo ọkùnrin abúlé jọ, mo ní avíọ̀n kì í rí gbòǹgbò, ewé ló ń rí. La bá wọ igbó, a gé ẹ̀ka, a gé ọmọ igi, a sì tẹ́ ẹ sórí gbogbo ibi tó pá, títí dé ọ̀nà odò. Inú mi dùn débi pé mo jó. Ìyá rẹ ní ibi tí a ti gé ewé náà ti wá pá báyìí, mo ní kó fi wá sílẹ̀, kí ló mọ̀ nípa fọ́tò? A tún wọ inú lọ́hùn-ún, a gé tibẹ̀ bo tibí.

Ìṣòro kan ló kù. Avíọ̀n ò tíì dé, àwọn ewé àkọ́kọ́ sì ti rọ, wọ́n ti ń pọ́n. Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ kí n ra àáké tó mú. Àwọn igi ńlá àárín igbó nìkan ló ṣẹ́ kù, tí a bá ti wó wọn, ewé wọn á bo gbogbo rẹ̀ pátápátá.

Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ wá ṣeré lábẹ́ igi wọ̀nyẹn.

Èmi bàbá rẹ,
Akambi